Ẹ Bi Wá: Níbo Ló Yẹ Kí Owó Ìfẹ̀yìntì Wà Nígbà Tí Ọjà Ò Fara Balẹ̀?

Owó ìfẹ̀yìntì ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí dá lé. Àwọn kan nínú ẹ̀yin tó kọ̀wé wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó owó àwọn òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ yín. Àwọn mìíràn kàn ń wo ìwé tí PFA wọn, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń ṣàkóso owó ìfẹ̀yìntì wọn, fi ránṣẹ́ ni, ọkàn wọn ò sì balẹ̀. A mú márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà náà.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló yàn mí sínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì ilé iṣẹ́ wa. Ilé iṣẹ́ wa ní ètò tirẹ̀ láti ayé àtijọ́, a ò sí lọ́dọ̀ PFA gbogboogbò. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ lọ́dún 2023 ni ìpàdé wa ti di ariwo. Àwọn kan ní kí a kó gbogbo owó sínú tirẹ́ṣúrì bíìlì, ìyẹn ìwé gbèsè ìjọba tí kì í ju ọdún kan lọ, nítorí pé èlé rẹ̀ dùn. Àwọn kan ní dọ́là ni. Ẹnìkan ní ṣíà báńkì nìkan ló lè bá ọ̀wọ́ngógó sáré. Ta ni kí n gbè lẹ́yìn? — Aṣojú òṣìṣẹ́, Ìkẹjà

Ẹ má tíì gbè lẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn. Gbogbo wọn ló ń dáhùn ìbéèrè kejì kí wọ́n tó béèrè àkọ́kọ́. Àkọ́kọ́ ni pé: ta ni ẹ máa sanwó fún, èló ni, ọdún wo sì ni? Ọjọ́ tí owó máa jáde ló ń sọ ibi tó yẹ kó wà títí ọjọ́ náà yóò fi pé. Ìgbìmọ̀ tí kò ní déètì wọ̀nyí lọ́wọ́ ń ta tẹ́tẹ́ ni, bó ti wù kí wọ́n kàwé tó.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ ní kí actuary yín, ìyẹn onímọ̀ ìṣirò tó ń díwọ̀n gbèsè ètò náà, gbé tábìlì kan wá. Kí ó kọ iye náírà tí a retí pé yóò jáde lọ́dọọdún, láti ìsinsìnyí títí di ọgbọ̀n ọdún. Kí iye tó jẹ́ ti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì dá wà, kí ti àwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ náà dá wà. Ẹ wá bi í pé: ṣé ìwé òfin ètò wa sọ pé owó ìfẹ̀yìntì gbọ́dọ̀ máa gòkè bí ọjà bá ti ń gbówó lórí, àbí ìgbà tó bá wu ilé iṣẹ́ nìkan ni? Ìdáhùn yìí ló máa ń yí ohun gbogbo padà. Bí ẹni tó ti fẹ̀yìn tì bá ń gba iye kan náà lóṣooṣù, bọ́ǹdù, ìyẹn ìwé gbèsè ọlọ́dún púpọ̀, tó ń san èlé tí kò yí padà bá gbèsè náà mu rẹ́gí. Àmọ́ ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, tí ẹ ó fi owó oṣù tó gbà gbẹ̀yìn ṣírò tirẹ̀, gbèsè tirẹ̀ ń wú bí owó oṣù bá ti ń lé ọ̀wọ́ngógó. Bọ́ǹdù nìkan ò lè gbé ìyẹn.

Bí tábìlì náà bá ti wà níwájú yín, àríyànjiyàn yóò dín kù. Owó tí yóò jáde láàárín oṣù 12 sí 18 ni ti tirẹ́ṣúrì bíìlì àti owó ìdákopamọ́ ní báńkì, kí ìkọ̀ọ̀kan wọn sì pé ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú ọjọ́ ìsanwó. Owó ọdún kejì sí ìkẹwàá, ẹ fi ra bọ́ǹdù ìjọba àpapọ̀ tí ọdún tí wọ́n máa pé bá ọdún inú tábìlì mu. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń san èlé, nítorí náà ẹ tún lè yan bọ́ǹdù tí oṣù èlé wọn yàtọ̀ síra, kí owó máa wọlé kárí ọdún. Ohun tó bá jìnnà ju ìyẹn lọ ni ṣíà, bọ́ǹdù ọlọ́jọ́ gbọọrọ àti ìdókòwò nínú ohun amáyédẹrùn ti wúlò, torí pé ẹ ní àyè láti dúró bí ọjà bá bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ohun tó ń kọni lóminú nínú àbá kọ̀ọ̀kan. Tirẹ́ṣúrì bíìlì kì í já wálẹ̀ lójú ẹni, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ fi ń sá sábẹ́ rẹ̀. Ewu rẹ̀ ni pé ọdún kan péré ló fi ń dá èlé yẹn lójú. Ẹ ká ní ẹ ní ₦100 mílíọ̀nù tí ẹ máa ná lọ́dún márùn-ún sí i. Ẹ fi sínú bíìlì ní 20%, ó di ₦120 mílíọ̀nù. Bí èlé bá wá já sí 12% fún ọdún mẹ́rin tó kù, owó náà yóò parí sí nǹkan bíi ₦188.8 mílíọ̀nù. Ẹni tó gba 18% lọ́jọ́ kìíní, tó sì dè é mọ́lẹ̀ fún ọdún márùn-ún gbáko, yóò ní nǹkan bíi ₦228.8 mílíọ̀nù. Ogójì mílíọ̀nù ni ìyàtọ̀ rẹ̀, orí èlé tó “kéré” ló sì ti wá.

Bọ́ǹdù náà ní tirẹ̀. Bọ́ǹdù ọdún mẹ́wàá tó ń san 15%, tí ẹ rà ní ₦100, bí èlé tí ọjà ń béèrè bá gòkè sí 20%, iye tí ẹ lè tà á lọ́jọ́ náà kò ju ₦79 lọ. Ẹ má ṣe sáré tà á nítorí ìyẹn. Bí ọjọ́ tó máa pé bá bá ọjọ́ tí ẹ máa sanwó mu, ₦100 yín yóò pé. Ẹni tí àdánù yìí ń pa lóòótọ́ ni ẹni tí kò ní owó ọwọ́, tó ní láti tà á láti fi san owó oṣù àwọn àgbà. Bọ́ǹdù ilé iṣẹ́ aládàáni tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé kì í rọrùn rárá láti rí ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ yín kó tó pé.

Ní ti dọ́là: lóòótọ́ ni pé nígbà tí CBN jẹ́ kí náírà wá ipele ara rẹ̀ ní 14 oṣù kẹfà 2023, àwọn tó ní Eurobond, ìyẹn bọ́ǹdù tí wọ́n fi dọ́là tà lókè òkun, rí èrè ńlá ní náírà. Lọ́dún 2024, ìjọba àpapọ̀ tún ta bọ́ǹdù dọ́là nílé, ọdún márùn-ún, tó ń san 9.75%. Ó dára kí ẹ ní díẹ̀, níwọ̀n ibi tí ìlànà PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, bá fàyè gbà yín dé. Ṣùgbọ́n náírà lẹ ń san. Bí náírà bá lágbára padà, owó yín á dín kù, gbèsè yín ò ní dín. Ẹ pinnu ìdá tí ẹ fẹ́ kí ọjà tó yí, kó má jẹ́ pé lẹ́yìn tí dọ́là ti gbówó lórí tán lẹ tó lọ ra á.

Àti ṣíà báńkì nìkan? Rárá o. Ní oṣù kẹta 2024, CBN ní kí báńkì tó ní ìwé àṣẹ òkè òkun ní owó ìdásílẹ̀ ₦500 bílíọ̀nù, kí ti orílẹ̀-èdè ní ₦200 bílíọ̀nù, ó sì fún wọn di ìparí oṣù kẹta 2026. Báńkì púpọ̀ ta ṣíà tuntun nítorí rẹ̀, ìpín ẹni tó ti ní ṣíà tẹ́lẹ̀ sì fẹ́lẹ́ sí i bí kò bá ra kún un. Ní oṣù kẹfà 2025, CBN tún pàṣẹ pé kí àwọn báńkì tó ṣì wà lábẹ́ ìyọ̀ǹda rẹ̀ lórí gbèsè tó bàjẹ́ dá sísan èrè orí ṣíà dúró fúngbà díẹ̀. Ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé èrè yẹn láti san owó ìfẹ̀yìntì, kí ni yóò ṣe? Ṣíà wúlò, àmọ́ kó kárí oríṣiríṣi òwò: símẹ́ǹtì, tẹlifóònù, oúnjẹ, epo àti báńkì.

Ẹ kọ ìdá yín sílẹ̀ pẹ̀lú àlà rẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, ṣíà 20%, kó má lọ sísàlẹ̀ 15%, kó má kọjá 25%. Bó bá kọjá àlà, ẹ dá a padà, láìtún pe ìpàdé àríyànjiyàn mìíràn. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rù bá ń ba gbogbo yín ni ìwé yẹn máa ṣiṣẹ́ jù.

Ohun kan kù lórí ọ̀wọ́ngógó. Iye tí NBS, àjọ ìṣirò ti ìjọba, kéde fún oṣù kejìlá 2024 jẹ́ 34.80%. Owó tó jèrè 18% lọ́dún yẹn pàdánù bí 12.5% nínú agbára ìrajà rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé fi hàn pé ó pọ̀ sí i. Oṣù tó tẹ̀ lé e, NBS yí ọdún ìpìlẹ̀ ìṣirò rẹ̀ padà, iye náà sì di 24.48%. Bí ẹnikẹ́ni bá fi méjèèjì síra wọn nínú ìjábọ̀ bíi pé ọjà rọ̀ ní ìdá mẹ́wàá lóṣù kan, ẹ dá a dúró.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ọmọ ọdún 53 ni mí, ilé iṣẹ́ aládàáni ni mo wà. Fund III ni PFA fi mí sí. Àbúrò mi wà ní Fund I, èrè tirẹ̀ ju tèmi lọ lọ́dún tó kọjá. Ṣé mo lè kúrò níhìn-ín? — Ìyá Ṣadé, Abẹ́òkúta

Ẹ lè béèrè fún Fund II, Mà. Fund I ò ṣeé ṣe fún yín mọ́, ẹni tí kò tíì pé 50 ló wà fún, òun náà sì gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ béèrè. Láti 1 oṣù keje 2018 tí PenCom ti pín owó wa sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá pé 50 máa ń bọ́ sí Fund III, ẹni tó bá ti fẹ̀yìn tì máa ń bọ́ sí Fund IV.

Ìyàtọ̀ wọn ni iye tí PFA lè fi sínú ohun tí iye rẹ̀ ń gòkè tó ń sọ̀. Ní ìlànà 2019, Fund I lè gbé tó 75% síbẹ̀, Fund II 55%, Fund III 20%, Fund IV 10%. Láàárín ìwọ̀nyí, ṣíà gan-an kò gbọ́dọ̀ ju 30%, 25%, 10% àti 5% lọ bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra wọn. PenCom máa ń tún ìwọ̀n wọ̀nyí wò, ẹ bi PFA yín léyìí tó wà lójú iṣẹ́ báyìí.

Ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù 12 lẹ lè yí padà láìsan kọ́bọ̀. Ẹ kàn máa kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù PFA yín ni. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ ka ọdún tó kù fún yín lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá ju ọdún márùn-ún lọ, Fund II lè tọ́ sí yín. Bó bá ku ọdún méjì, ẹ jókòó síbi tí ẹ wà. Ọjà ṣíà tó bàjẹ́ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú ìfẹ̀yìntì yín ò ní fún yín láyè láti dúró dè é. Èrè ọdún kan ṣoṣo tí àbúrò yín rí kò tó ìdí.

Mo ń gbé ní Peckham. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi dìbò fún mi láti di trustee, ìyẹn alábòójútó owó, nínú ètò ìfẹ̀yìntì ilé iṣẹ́ wa, irú èyí tó ṣèlérí iye kan pàtó fún òṣìṣẹ́. Agbaninímọ̀ràn wa ní kí a fi owó kún LDI, ìyẹn ìdókòwò tí wọ́n ṣe kó lè máa tẹ̀lé gbèsè ètò. Mo rántí oṣù kẹsàn-án 2022, àyà mi ń já. Ṣé kí n takò ó? — Ọmọ Èkìtì ní London

A kí yín kú oríire. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn trustee gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí àwọn ọmọ ètò yàn, nítorí náà ohùn yín níyì lábẹ́ òfin. LDI fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá yín. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yáwó sínú rẹ̀, àti àìní owó ọwọ́, ló fa wàhálà.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ rèé. Bí èlé tí ọjà ń béèrè lórí gilt, ìyẹn bọ́ǹdù ìjọba wọn, bá ń já, iye tí gbèsè ètò yín tó lónìí ń gòkè. LDI ń ra gilt kí owó yín lè máa gòkè pẹ̀lú gbèsè náà. Ẹ ká ní gbèsè yín jẹ́ £100 mílíọ̀nù, owó yín jẹ́ £80 mílíọ̀nù. Ẹ fẹ́ kí gbogbo £80 mílíọ̀nù náà máa tẹ̀lé gbèsè, ẹ sì tún fẹ́ ní ṣíà àti ilé. Ẹ wá fi £32 mílíọ̀nù sí LDI, ó fi yáwó láti di gilt £80 mílíọ̀nù mú, ìyẹn ìlọ́po méjì ààbọ̀. £48 mílíọ̀nù yòókù wà níbòmíràn.

Bí èlé ọjà bá gòkè ní ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún, tí gilt náà sì jẹ́ ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ó lè já ní nǹkan bíi 20%. £16 mílíọ̀nù lọ nìyẹn. £32 mílíọ̀nù yín ti di £16 mílíọ̀nù, gilt £64 mílíọ̀nù ló sì gbé dání, ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó yá yín lówó yóò ní kí ẹ mú owó ìdógò kún un láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bẹ́ẹ̀, gbèsè yín náà ti wá sí £80 mílíọ̀nù, owó yín £64 mílíọ̀nù, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì ni bíi ti tẹ́lẹ̀. Ètò náà kò tòṣì sí i. Owó tó ṣeé kó jáde lọ́la ni kò sí, torí pé inú ilé àti ìdókòwò tí kì í tètè ṣeé tà ló wà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn lẹ́yìn tí Kwasi Kwarteng, mínísítà ìṣúná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ka ètò ìṣúná kékeré rẹ̀ ní 23 oṣù kẹsàn-án 2022. Èlé gilt ọgbọ̀n ọdún gòkè ju ìdá kan lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Gbogbo ètò wá ń ta gilt lẹ́ẹ̀kan náà láti rí owó ìdógò, títà yẹn sì tún ń ti iye gilt wálẹ̀. Ní 28 oṣù náà ni Bank of England, báńkì àpapọ̀ wọn, wọlé. Ó ra gilt £19.3 bílíọ̀nù kó tó dáwọ́ dúró ní 14 oṣù kẹwàá.

Lẹ́yìn ìyẹn, The Pensions Regulator, àjọ tó ń bójú tó ètò ìfẹ̀yìntì níbẹ̀, sọ lọ́dún 2023 pé kí àwọn ètò ní ààbò tó lè gba òkè èlé ìdá 2.5 ó kéré tán, láìka owó tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ mọ́ ọn. Ẹ fi wé àpẹẹrẹ wa: ìdá 2.5 lórí £80 mílíọ̀nù tó ń já 20% fún ìdá kan, ní ìṣirò wéréwéré, jẹ́ nǹkan bíi £40 mílíọ̀nù. £32 mílíọ̀nù ò tó. Nítorí náà, bí agbaninímọ̀ràn yín bá ní kí ẹ fi owó kún LDI láìfi gilt kún iye tó dì mú, ààbò ló ń fi kún, ẹ gbà á. Bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ ra gilt púpọ̀ sí i pẹ̀lú owó yíyá kan náà, ẹ takò ó.

Ẹ béèrè ohun mẹ́rin, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé: ìdá mélòó ni èlé lè fi gòkè lónìí kí ààbò wa tó tán? Ohun wo la máa kọ́kọ́ tà, ọjọ́ mélòó ni owó rẹ̀ máa gbà kó tó dé? Ta ló láṣẹ láti buwọ́ lù ú bí àwọn trustee méjì bá wà nílé ní Nàìjíríà lọ́sẹ̀ ọdún iléyá? Ṣé a ti dán an wò rí? Ìbéèrè kẹta yẹn dà bí ohun kékeré. Lọ́dún 2022, àwọn tí ìwé wọn ń lọ láti ọwọ́ kan sí èkejì fún ìbuwọ́lù rí i pé ọjọ́ kan ṣoṣo níye lórí.

Mo jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀, mi ò sì ka ìmọ̀ ìṣirò. Wọ́n máa ń gbé ìwé ogójì ojú-ewé wá fún wa. Kí ni kí n máa wò? — Bàbá Túnjí, Ìbàdàn

Ẹ wo ojú-ewé tó ní iye owó tó jáde àti iye tó wọlé ní oṣù mẹ́ta tó kọjá, kí ẹ fi wé tábìlì actuary. Bí wọ́n bá yàtọ̀ púpọ̀, ẹ béèrè ìdí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni èrè. Bí wọ́n bá sọ pé “a jèrè 22%”, ẹ bi wọ́n pé: ṣé lẹ́yìn tí a yọ owó iṣẹ́ yín ni? Ṣé owó tuntun tí òṣìṣẹ́ dá wà nínú rẹ̀? Owó iṣẹ́ tó dà bí ohun kékeré ń jẹun púpọ̀: ₦100,000 tó ń jèrè 12% lọ́dún yóò di nǹkan bíi ₦1.7 mílíọ̀nù lọ́dún 25. Bí wọ́n bá ń yọ ìdá kan, tó wá ku 11%, ₦1.36 mílíọ̀nù ni. Ìdá kan nínú márùn-ún ti lọ.

Ẹ béèrè fún ìwé ìṣirò láti ọwọ́ kọ́sítódíànì tààrà. Ní Nàìjíríà, PFA kì í di owó mú, kọ́sítódíànì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi ìwé méjèèjì síra wọn, bọ́ǹdù kọ̀ọ̀kan sí bọ́ǹdù kọ̀ọ̀kan. Fún ohunkóhun tí kì í lọ sí ọjà ojoojúmọ́, bí ilẹ̀ tàbí ìdókòwò aládàáni, ẹ béèrè ẹni tó díwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ tó díwọ̀n rẹ̀. Iye tí wọ́n kọ ní oṣù mọ́kànlá sẹ́yìn kì í ṣe iye òní.

Ohun tí kò bá yé yín, ẹ sọ ọ́ jáde ní ìpàdé pé kò yé mi. Ẹni tó ń tà á fún yín ló gbọ́dọ̀ ṣàlàyé títí yóò fi yé yín. Bí kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀, ẹ má buwọ́ lù ú.

MD wa fẹ́ kí ìgbìmọ̀ yá ilé iṣẹ́ lówó láti inú owó ìfẹ̀yìntì kó fi ra ohun èlò. Ó ní èlé tó máa san ju ti ìjọba lọ. — Ẹ fi orúkọ bò mí, Ọ̀tà

Ẹ má gbà. Bí ilé iṣẹ́ náà bá dẹnu kọlẹ̀, iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ lọ, owó ìfẹ̀yìntì wọn náà lọ lọ́jọ́ kan náà. Èlé tó ju ti ìjọba lọ yẹn ń sọ fún yín pé báńkì kò fẹ́ yá a ní iye tó kéré jù bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí Robert Maxwell, olówó tó ni ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, kú lọ́dún 1991 ni wọ́n rí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ó lé ní £400 mílíọ̀nù tó ti kúrò nínú owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹn wà lára ohun tó bí òfin 1995 wọn: yíyá agbanisíṣẹ́ lówó jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀, gbogbo ìdókòwò mìíràn lọ́dọ̀ rẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ ju 5% lọ. Ní Nàìjíríà, Òfin Ìfẹ̀yìntì 2014 náà ka PFA léèwọ̀ pé kó má fi owó ìfẹ̀yìntì ra ṣíà ara rẹ̀ tàbí ti kọ́sítódíànì.

Ẹ ní kí MD kọ ìbéèrè rẹ̀ sínú lẹ́tà. Ẹ dáhùn pẹ̀lú lẹ́tà. Kí MD àti ẹnikẹ́ni tó ń ṣojú fún un jáde kí ẹ tó jíròrò lórí rẹ̀, kí akọ̀wé sì kọ orúkọ ẹni tó gbà àti ẹni tó kọ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá tún yọjú lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà méjèèjì ránṣẹ́ sí PenCom.